Tí a bá yọ ike ọ́ìlì búréèkì, ṣé dandan ni ká lé afẹ́fẹ́ inú ọ́ìlì búréèkì jáde ní táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì. Ọ́ìlì ń jò díẹ̀díẹ̀ láàárín ike ọ́ìlì búréèkì àti másítà ìsàlẹ̀ rẹ̀ (èyí tó ń ti ọ́ìlì lọ sí búréèkì táyà), ọ̀dà ara ọkọ̀ lábẹ́ ibẹ̀ sì ti ń wú, ó ń bó. Rọ́bà méjèèjì tí ike náà jókòó lé ti le koko.

Màá fi síríńjì fa ọ́ìlì inú rẹ̀ tán, màá yọ wáyà sẹ́ńsọ̀, màá ti píìnì tó dì í mú jáde, màá wá máa mì ín sọ́tùn-ún sósì bí mo ṣe ń fà á sókè. Mi ò ní fi súkúrúdiráfà yọ ọ́, torí ó lè ṣẹ́ ẹnu ike. Ọ́ìlì búréèkì nìkan ni màá fi pa rọ́bà tuntun, torí gírísì lásán àti ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì máa ń mú kó wú. Ọ́ìlì búréèkì DOT 4 tí a ò tíì ṣí rí ni màá dà sí i. Èyí tó ti wà ní ṣíṣí ti fa omi inú afẹ́fẹ́ mu.

Tí n kò bá tẹ pẹ́dàlì rárá nígbà tí ike kò sí níbẹ̀, ṣé afẹ́fẹ́ inú másítà nìkan ni kí n lé jáde, àbí ti búréèkì táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin? Ọkọ̀ náà ní ABS (èyí tí kì í jẹ́ kí táyà há tí a bá tẹ búréèkì lójijì). Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.