Páìpù háídírọ́líìkì tó dógùn-ún: ṣé ó ṣeé gé so?

Ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì, ọ̀rọ̀ yìí ti tojú sú mi. Páìpù irin 12 mm tó ń gbé ọ́ìlì lọ sí apá katakata kékeré tí mo fi ń walẹ̀ ti dógùn-ún lábẹ́ ìdè rẹ̀, níbi tí ẹrẹ̀ máa ń há sí, ó sì ti lu. Ihò náà kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, àmọ́ ọ́ìlì ń fọ́n jáde bí ìkùukùu (mi ò fọwọ́ kàn án o, ó lè gún ara wọlé). Mo pa ẹ́ńjìnnì, mo tú ìfúnpá inú rẹ̀ sílẹ̀, mo fi ọ́ìlì rẹ nọ́ọ̀tì tó de ẹnu páìpù náà mọ́jú, mo fi sípánà méjì tú u. Etí nọ́ọ̀tì ló bó, kò mì rárá. Ìfúnpá ọ́ìlì tó ń gba inú páìpù náà jẹ́ bar 210. Ṣé mo lè gé ibi tó jẹ kí n fi kọ̀nẹ́kítọ̀ so ó, àbí odindi páìpù ni kí n pààrọ̀?