Kókó ara ikùn tí kò wọ́pọ̀: kí la gbọ́dọ̀ ní lọ́wọ́ kí aláìsàn tó lọ sílé?

Dókítà Tákíè béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Wọ́n yọ kókó kan lára ògiri ikùn obìnrin kan, Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Ojú àpá iṣẹ́ abẹ tó fi bímọ ni kókó náà hù sí. Endometriosis inú àpá (irú ẹran inú ilé ọmọ tó hù sójú àpá) la kọ́kọ́ rò, ṣùgbọ́n èsì ilé àyẹ̀wò ní desmoid ni, kókó líle kan tí kì í tàn kálẹ̀ ṣùgbọ́n tó máa ń hù padà. Ọ̀gá wa ní kí a kọ ọ́ sínú jọ́nà, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, torí pé kò wọ́pọ̀. Ọgbẹ́ rẹ̀ ti ń jinná, kò ní pẹ́ lọ sílé. Ṣé ìwé ìyọ̀ǹda tó fọwọ́ sí kí iṣẹ́ abẹ tó wáyé ti tó? Kí ló yẹ ká gbà sílẹ̀ báyìí tí a kò ní rí mọ́ bó bá lọ? Ṣé dandan ni ìgbìmọ̀ ẹ́tíìsì, àwọn tó ń yẹ ìwádìí wò kí wọ́n má baà rẹ́ aláìsàn jẹ, fún aláìsàn kan ṣoṣo? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Àgbà Wọ́ọ̀dù dáhùn:

Dókítà, ẹ kú ìtọ́jú. Ìwé iṣẹ́ abẹ kò tó. Ohun tí obìnrin náà gbà nínú ìwé yẹn ni pé kí wọ́n la òun níkùn. Kò gbà pé kí wọ́n gbé àwòrán ikùn òun sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀tọ̀ ni ìyọ̀ǹda fún ìtẹ̀jáde, ọ̀pọ̀ jọ́nà ló sì ní fọ́ọ̀mù tirẹ̀ tí kò gba òmíràn dípò. Ẹ yan jọ́nà méjì tàbí mẹ́ta báyìí, kí ẹ tẹ fọ́ọ̀mù wọn jáde.

Ẹ má máa túmọ̀ fọ́ọ̀mù Gẹ̀ẹ́sì lórí ìdúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní Yorùbá, kí ẹlòmíràn tí kò rí ti Gẹ̀ẹ́sì tú u padà, kí ẹ wá gbé méjèèjì síra wọn wò. Ó gbọ́dọ̀ yé obìnrin náà pé ẹ kò ní kọ orúkọ rẹ̀, síbẹ̀ pé ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa lè dá a mọ̀; pé bó bá kọ̀, ìtọ́jú rẹ̀ kò ní yingin; pé ó lè yí ọkàn padà kí ìwé tó jáde, àmọ́ bó bá ti bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì tán, kò sẹ́ni tó lè kó gbogbo rẹ̀ nílẹ̀ mọ́. Bí kò bá mọ̀wé kọ, kó tẹ̀ka, kí ẹlẹ́rìí tí kò sí lára àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ fọwọ́ sí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé fọ́ọ̀mù yìí wá lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣírò owó tó jẹ. Aláìsàn tí gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀ yóò rò pé bí òun kò bá fọwọ́ sí i, wọn kò ní jẹ́ kí òun lọ. Tipátipá nìyẹn, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ halẹ̀ mọ́ ọn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ jókòó tì í kí ẹ jọ to ọjọ́. CARE, ìlànà tó jáde lọ́dún 2013 fún irú ìròyìn aláìsàn báyìí, ka ohun 13 tó yẹ kó wà nínú rẹ̀. Ìtòtẹ̀léra ọjọ́ wà lára wọn, òun ló sì máa ń nira jù láti rí lẹ́yìn tí aláìsàn bá ti lọ. Bí ẹ bá béèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, "ó ti ṣe díẹ̀" ni yóò wí. Ẹ fi ohun tó mọ̀ wá ọjọ́ náà: ṣé a ti ṣe Iléyá nígbà yẹn? Ṣé àbígbẹ̀yìn rẹ̀ ti ń rìn? Bó bá ní wọ́n ń ṣa kajú lọ́wọ́, láàárín oṣù kejì sí oṣù karùn-ún nìyẹn. Bó bá ní ó tó àgbálùmọ̀, ẹ ní kó fi ìka méjì júwe fífẹ̀ rẹ̀, kí ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n ní sẹ̀ǹtímítà. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó kọ ìṣirò tiyín sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ béèrè àgbo àti gbẹ́rẹ́ pẹ̀lú, láìbá a wí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní sọ òótọ́.

Ní ti desmoid gan-an, àwọn ìbéèrè kan wà tí olùyẹ̀wò jọ́nà kò ní ṣàì bi yín. Ọdún mélòó ló wà láàárín iṣẹ́ abẹ ìbímọ àti ìgbà tí kókó yọ? Ṣé inú oyún ló ti ń tóbi sí i? Ṣé ìrora rẹ̀ ń bá nǹkan oṣù rìn? Bó bá ń bá a rìn, endometriosis ni ọkàn ń lọ sí. Bí kò bá bá a rìn, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ wá béèrè ìran rẹ̀. FAP, àìsàn àjogúnbá tó ń mú kí polyp (èso ẹran kéékèèké) hù lọ́pọ̀ yanturu nínú ìfun ńlá, a máa bá desmoid rìn. Ṣé ẹnikẹ́ni nínú mọ̀lẹ́bí ti ní jẹjẹrẹ ìfun ńlá ní rèwerèwe? Ẹ fọwọ́ ba egungun àgbọ̀n, ẹ wo eyín bóyá ó lé, ẹ wo awọ ara bóyá kókó wà níbòmíràn. Bí ẹ bá rí ohun kan, colonoscopy, fífi kámẹ́rà wo inú ìfun ńlá, ló kàn. Bí ẹ kò bá rí nǹkan, ẹ kọ ọ́ pé ẹ wá a, ẹ kò sì rí i. Ìròyìn desmoid tí kò sọ̀rọ̀ ìran àti ìfun kò wúlò tó fún dókítà tí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ máa wọlé tọ̀ lọ́la.

Ilé Àyẹ̀wò dáhùn:

Àgbà ti sọ ti wọ́ọ̀dù. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹran ara tí wọ́n gé.

Bó bá jẹ́ pé àwọ̀ tí ilé àyẹ̀wò ń kọ́kọ́ lò, H&E nìkan ni wọ́n fi pè é ní desmoid, olùyẹ̀wò yóò béèrè β-catenin, purotéènì kan tí àwọ̀ àkànṣe ń fi hàn. Inú nucleus, kókó àárín sẹ́ẹ̀lì, ni wọ́n ti ń wá a. Bó bá hàn níbẹ̀, ó ti ọ̀rọ̀ yín lẹ́yìn. Bí kò bá hàn, kò tíì fi hàn pé kì í ṣe desmoid, torí náà ẹ má fi ìyẹn nìkan pa èsì dà. Bí àyẹ̀wò yìí kò bá sí lọ́dọ̀ yín, block paraffin, ẹran náà tí wọ́n ti rì sínú ìda, ni wọn yóò gbé lọ sí Ìbàdàn tàbí ibòmíràn tó ní in. Ẹ gba nọ́ńbà block náà báyìí, kí ẹ kọ ẹni tó gbé e àti ọjọ́ tó gbé e. Block tó bọ́ sọ́nà kò ní arọ́pò.

Bóyá block náà yóò gba àwọ̀ dáadáa, láti tíátà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Fọ́málínì (omi tí kì í jẹ́ kí ẹran ara jẹrà) 10% tó ní buffer, èròjà tí kì í jẹ́ kó kan, ni ó yẹ: ògidì fọ́málínì mílílítà 100, omi mílílítà 900, sodium phosphate monobasic gíráàmù 4 àti dibasic gíráàmù 6.5. Tí wọ́n bá fi omi lásán pò ó láìsí buffer, yóò kan, àbàwọ́n dúdú-pupa yóò sì kún orí slide, gíláàsì tí a fi ń wo ẹran náà. Kí fọ́málínì náà tó ìlọ́po 10 ẹran náà, ó kéré tán. Ohun tó sábà ń bàjẹ́ ni pé wọ́n á fún ẹran ńlá sínú ike ẹlẹ́nu tóóró: ó rọ̀ nígbà tó ń wọlé, ó le nígbà tó fẹ́ jáde, ìta rẹ̀ dára, àárín rẹ̀ ti jẹrà. Desmoid le, ó funfun, ó sì máa ń fà bí àpá, kíákíá kọ́ ni fọ́málínì ń wọ inú rẹ̀. Kí oníṣẹ́ abẹ fi okùn kúkúrú sàmì sí òkè, kó fi gígùn sàmì sí ẹ̀gbẹ́, kí ilé àyẹ̀wò kùn etí rẹ̀ ní íńkì kí wọ́n tó là á ní sẹ̀ǹtímítà kan kan. Wákàtí 6 sí 72 ni kó lò nínú fọ́málínì. Tó bá dín, tàbí tó bá pọ̀ jù, immunohistochemistry, àyẹ̀wò alàwọ̀ bíi ti β-catenin, kò ní ṣeé gbára lé. Ara ike ni ká kọ orúkọ sí o, kì í ṣe ìdérí, torí ìdérí a máa pààrọ̀ ara wọn.

Ẹ padà lọ wo ìwé èsì náà: ṣé wọ́n kọ iye mìlímítà tó wà láàárín kókó àti etí ibi tí wọ́n gé? Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ lọ bá pathologist náà, dókítà tó yẹ ẹran ara wò, kó fi kún un nígbà tí ó ṣì rántí rẹ̀. Ẹ sì fi orúkọ rẹ̀ sí ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó fún kókó ní orúkọ kì í ṣe ẹni tí a ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ojú ewé nìkan.

Olùtọ́jú Fáìlì dáhùn:

Ẹ bá wa kọ àìsàn náà sójú ìwé ìdásílẹ̀ ní kíkún. "Kókó ikùn" kò tó; kóòdù rẹ̀ nínú ICD-10, àkójọ kóòdù àìsàn ti àjọ ìlera àgbáyé, ni D48.1. Tí wọ́n bá fi í sábẹ́ kókó tí kò léwu, ẹni tó bá wá desmoid nínú ìwé wa lọ́dún márùn-ún òní kò ní rí i. Tí ẹ bá mú fáìlì jáde, ẹ fi tracer (káàdì tó sọ ẹni tó mú un) sí àyè rẹ̀, kí ẹ má gbé e sílé. Kí ẹ gba nọ́ńbà fóònù méjì, ọ̀kan ti obìnrin náà, ọ̀kan ti ẹbí tí kì í yí nọ́ńbà padà, àti àdírẹ́ẹ̀sì tí ènìyàn lè tọ̀: agbolé, mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì tó wà nítòsí.

Dókítà Tákíè:

Ẹ ṣeun gan-an. Ó ku ọ̀rọ̀ ẹ́tíìsì àti àwòrán. A ti gé orúkọ aláìsàn kúrò lórí àwòrán CT nínú PowerPoint, a sì fi ìlà dúdú bo ojú rẹ̀ nínú fọ́tò. Ọ̀gá tún fẹ́ kí a kọ ọ́ pé òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Arómiṣà dáhùn:

Crop inú PowerPoint kò gé nǹkan kan dànù. Ẹni tó bá gba fáìlì náà lè fa etí àwòrán padà, orúkọ á sì tún yọ. Ẹ gé e nínú ohun tí a fi ń ṣe àwòrán, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ bí àwòrán tuntun. Láti orí CD CT ni kí ẹ ti mú un, kì í ṣe fọ́tò tí a fi fóònù yà lórí fíìmù. Bí WhatsApp ni ẹ fi ń pín in, ẹ fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi document, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ WhatsApp yóò fún un pọ̀, kò sì ní hàn kedere mọ́. Jọ́nà sábà máa ń béèrè 300 dpi (píksẹ́lì 300 nínú ínǹṣì kan): àwòrán fífẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 8 yóò nílò nǹkan bíi píksẹ́lì 945.

Ní ti fọ́tò, kí ló fa ojú? Ikùn ni kókó wà. Ìlà dúdú bo ojú, pélé ṣì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ará ilé rẹ̀ á sì mọ̀ ọ́n. Ẹ yọ ojú kúrò pátápátá. Ohun kan náà ló wà nínú ọ̀rọ̀ kíkọ. "Oníṣòwò, ọmọ ọdún 34, láti Ajáàwà", èyí ti ju orúkọ lọ. Ẹ kọ "obìnrin tó lé ní ọgbọ̀n ọdún". Ìlú kò wúlò fún desmoid, iṣẹ́ náà kò wúlò.

Ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ kì í ka aláìsàn kan sí ìwádìí tó nílò àyẹ̀wò kíkún, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ mọ̀, jọ́nà púpọ̀ sì ń béèrè lẹ́tà tó sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ̀wé sí wọn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá wá ń kó aláìsàn jọ láti inú fáìlì, ìwádìí ti ń di nìyẹn. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn méjì ló wà níbí, ti LAUTECH àti ti Bowen. Bí obìnrin náà bá ti gba ọwọ́ méjèèjì kọjá, ẹ bá àwọn tọ̀hún sọ̀rọ̀, kí aláìsàn kan má baà di méjì nínú ìwé.

Ẹ fi "àkọ́kọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́" sílẹ̀. Ẹni tí kò kọ tirẹ̀ jáde kò túmọ̀ sí pé kò rí i. Nǹkan bí ènìyàn 2 sí 4 nínú mílíọ̀nù kan ni wọ́n ń rí desmoid lára wọn lọ́dún kan, ìyẹn ti tó láti fi sọ pé kò wọ́pọ̀. Ẹ wá a lórí PubMed àti AJOL, ibi tí a ti ń wá ìwé jọ́nà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú gbogbo orúkọ rẹ̀, torí àwọn àgbà kọ ọ́ sí "aggressive fibromatosis", àwọn mìíràn "desmoid-type fibromatosis". Ohun tó tọ́ kí ẹ gbé síwájú ni bí ẹ ṣe rò pé endometriosis ni, àti ohun tó yẹ kó ti fi ìyàtọ̀ hàn.

Ìbéèrè tó le jù tí yóò dé ni ìdí tí ẹ fi gé e. Ìlànà òde òní sábà ní kí a kọ́kọ́ máa ṣọ́ desmoid ná, torí àwọn kan kì í dàgbà mọ́, àwọn kan ń súnkì fúnra wọn. Ẹ sọ ọ́ ní tààrà pé ẹ kò tíì mọ̀ pé desmoid ni nígbà yẹn, kí ẹ sì sọ bóyá ẹ gba biopsy (gígé ẹran díẹ̀ fún àyẹ̀wò) ṣáájú. Kì í tàn lọ sí ẹ̀yà ara mìíràn, ṣùgbọ́n ó máa ń hù padà síbi tó wà, ọdún méjì àkọ́kọ́ ni ojú sì gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀ jù. Ìròyìn tí ẹ fi ránṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kẹta kò sọ nǹkan kan nípa ìyẹn. Ẹ jẹ́ kó pé oṣù mẹ́fà ó kéré tán, kí ẹ ṣe ultrasound tàbí MRI, kí ẹ kọ iye oṣù náà gan-an sínú rẹ̀. Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ wo iye tí jọ́nà ń gbà. Bí wọ́n bá ń dín owó kù fún wa, ìgbà tí ẹ ń fi ìwé sílẹ̀ ni kí ẹ béèrè. Tí wọ́n bá ti gbà á tán, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í gbọ́ mọ́.