Èsì àkọ́kọ́ ní jẹjẹrẹ ọyàn ni, èsì kejì ò tíì dé: kí la lè máa ṣe?

Àbúrò Ìkéré:
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹni ọdún 46, ń gbé ní Adó-Èkìtì. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ gé ẹran lára kókó kan lọ́yàn òsì rẹ̀, èsì sì dé pé jẹjẹrẹ ni, grade 2. Dókítà ní àyẹ̀wò mìíràn ṣì kù lára ẹran kan náà, ó lè gba ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, kí òun tó lè sọ ìtọ́jú. Ẹ̀gbọ́n mi ò rí oorun sùn mọ́. Kí là ń retí gan-an? Ṣé dídúró yìí ò ní ṣe é ní jàǹbá?

Nọ́ọ̀sì Adó:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ bá wa kí ẹ̀gbọ́n yín. Grade yàtọ̀ sí stage, àṣìmọ̀ yìí sì ń dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ èèyàn lásán. Grade, 1 sí 3, ń sọ bí sẹ́ẹ̀lì náà ṣe yàtọ̀ tó sí ti ara tó dá. Stage ló ń sọ ibi tí àrùn dé, ẹran tí abẹ́rẹ́ gé nìkan ò sì lè sọ ìyẹn.

Ohun tí ẹ ń retí ni èsì ER, PR àti HER2, àmì mẹ́ta tí wọ́n ń wá lára sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ náà. ER àti PR ń wò ó bóyá họ́mọ̀nù obìnrin ló ń bọ́ jẹjẹrẹ náà. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, tamoxifen 20mg lójúmọ́ wà lára oògùn tí wọ́n sábà máa ń lò, ọdún 5 ó kéré tán. Ní ti HER2, pròtéènì tó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì máa pọ̀ sí i, wọ́n ń fún un ní máàkì 0 sí 3+: 0 àti 1+ kò gba trastuzumab, oògùn tó ń dojú kọ HER2, lọ́nà tí 3+ ń gbà á. 2+ kì í ṣe èsì tó parí, FISH, àyẹ̀wò tó ń wo jíìnì HER2 fúnra rẹ̀, gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jẹ́ negative, ìtọ́jú wà: kímò, ìyẹn oògùn tó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò ba nǹkan jẹ́. Oṣù mẹ́ta, oṣù mẹ́fà ló ń bà á jẹ́. Ẹ béèrè bóyá ẹ lè máa ṣe èyí tó kù lọ́wọ́: mámógíráàmù ọyàn kejì, ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín, fọ́tò àyà, síkáànì ikùn, àti ẹ́kò (síkáànì ọkàn) bí kímò bá ṣeé ṣe. Bí ó bá ń lo abẹ́rẹ́ ìfètòsọ́mọbíbí tàbí tí igi kékeré ìfètòsọ́mọbíbí wà lábẹ́ awọ apá rẹ̀, kí ó sọ fún dókítà kíákíá.

Ní ti oorun, kí ó sọ ọ́ ní kílíníìkì. Kí ó má ra oògùn oorun fúnra rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́místì. Kí ẹnì kan ṣoṣo nínú ẹbí máa gba ìpè, kí àwọn tó kù yéé bi í ní gbogbo wákàtí pé "èsì ń kọ́?"

Bọ̀dá Láàbù:
Mo fẹ́ fi kan kún un. Ó yẹ kí ẹran wọ formalin 10%, omi tí kì í jẹ́ kí ẹran bàjẹ́, láàárín wákàtí kan, kí formalin náà tó ìlọ́po 10 ẹran, kí ó sì wà níbẹ̀ fún wákàtí 6 sí 72. Bí wọn ò bá ṣe é bẹ́ẹ̀, ER lè jáde bíi negative nígbà tó jẹ́ positive, obìnrin á sì pàdánù oògùn tó yẹ ẹ́. Bí èsì bá ní "negative" ní gbogbo rẹ̀, ẹ béèrè bóyá àmì ìdánwò tó yẹ kó yọ nínú ẹran náà, tó ń fi hàn pé àyẹ̀wò ṣiṣẹ́, yọ. Ẹ wo orúkọ pẹ̀lú: tí orúkọ ilé ọkọ bá wà nínú ìwé kan, tí ti ilé bàbá wà nínú èkejì, èsì á há sí láàbù.

Àbúrò Ìkéré:
Ẹ ṣeun gan-an. Màmá wa ní gígé ẹran yẹn ló rú àrùn sókè, pé ká gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ní abúlé, kí ó sì gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta gbẹrẹfu.

Màmá Ìdó:
Ọmọ mi, má bá màmá yín jà. Ẹ̀rù ọmọ rẹ̀ ló ń bà á. Sọ fún un pé gígé ẹran fi ohun tó ti wà hàn ni, kò dá a sílẹ̀, abẹ́rẹ́ ò sì fọ́n jẹjẹrẹ káàkiri lọ́nà tí à ń bẹ̀rù. Mú màmá dání lọ bá dókítà lẹ́ẹ̀kan, kí ó gbọ́ ọ létí ara rẹ̀. Èyí máa ń ṣiṣẹ́ ju àlàyé ọmọ lọ.

Àgbo lè ba ẹ̀dọ̀ lára, kímò sì lè má ṣeé fún ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti dàrú. Kí wọ́n má fi ohun gbígbóná tàbí ata jó kókó náà, nítorí ó lè di egbò. Kí ó gbàdúrà, ṣùgbọ́n kí ó jẹun, kí ó mumi. Ẹyin, ẹja, ẹ̀wà. Iyán náà kò lẹ́bi nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Bí mímí bá ṣòro fún un, tàbí tí ẹ̀yìn ń ro ó gan-an tí ẹsẹ̀ sì ń kú, má dúró de èsì kankan, gbé e lọ síléèwòsàn lọ́jọ́ náà.

Àbúrò Ìkéré:
A gbọ́ o, Màmá. Tí wọ́n bá ní ká lọ sí UCH, iléèwòsàn ńlá ní Ìbàdàn, fún ìtọ́jú ìtànṣán ńkọ́?

Bọ̀dá Láàbù:
Ẹ gba block ẹran náà, ìyẹn ẹran tí wọ́n rì sínú àbẹ́là, kì í ṣe síláìdì (gíláàsì tí wọ́n tẹ́ ẹran fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí) nìkan, nítorí block ni wọ́n lè fi ṣe àyẹ̀wò míì. Ẹ fọwọ́ sí ìwé gbígbà rẹ̀, kí nọ́ńbà ara rẹ̀ bá ti inú èsì mu. Ẹ má fi í sílẹ̀ sínú ọkọ̀ nínú oòrùn, ooru lè yọ́ àbẹ́là náà.