Ẹ̀yin tí ẹ ti koná èédú rí, ẹ bá wa sọ ọ́

Ọmọ Ìjọ́rà: Bàbá tó bí bàbá mi koná ní Ìjọ́rà, nílé iná mànàmáná tí wọ́n ṣí ní 1923. Èédú Ẹnúgu ni wọ́n ń dá sí i, ọkọ̀ ojú omi ló ń kó o wá láti Port Harcourt. Ohun tí mo mọ̀ nípa iṣẹ́ bàbá ò pọ̀: wọ́n máa ń mu omi oníyọ̀, a kì í sì í fọ aṣọ wọn mọ́ tiwa. Ẹni tó bá mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ jọ̀ọ́.

Àgbà Láfẹ́nwá: Ọmọ mi, o ṣeun. Rélùwéè ni tèmi, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá ni iṣẹ́ méjèèjì. 1961 ni mo wọ iṣẹ́ fáyámáànù, ẹni tó ń koná ọkọ̀ ojú irin. Wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ṣọ́bìrì lọ́jọ́ kìíní. Ẹ́ńjìnnì tó ti tutù ni wọ́n ní kí n wọ̀, kí n kó eérú, kí n fi irin gígùn já ìdàrọ́ tó lẹ̀ mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá ti dé ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ mọ ìdàrọ́. Bó bá fi lè dí ojú irin tí iná jókòó lé, atẹ́gùn ò ní rí ọ̀nà gbà wọlé, iná á sì rọ.

Àwọn èèyàn rò pé agbára la fi ń ṣe é. Irọ́ ni. Ẹni tó bá ń da èédú rẹpẹtẹ sáàárín, èéfín dúdú ni yóò máa rú jáde, oru omi tó ń ti ọkọ̀ á sì máa já wálẹ̀. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ là ń tẹ́ ẹ, díẹ̀ síhìn-ín, díẹ̀ sọ́hùn-ún, kí igun ẹ̀yìn méjèèjì nípọn díẹ̀, kí o sì tètè pa ilẹ̀kùn dé. Dẹ́rẹ́bà mi kì í wojú mi, èéfín ló ń wò. Bó bá ti dúdú, á fẹsẹ̀ gbá irin ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó ti bá mi wí nìyẹn.

Èédú Ẹnúgu máa ń tètè gbiná, kì í sì í pẹ́ jó tán. Láti Iddó dé Ìbàdàn, bíi kìlómítà 193, ṣọ́bìrì ò ráyè sinmi.

Omi ló ń bà mí lẹ́rù jù. Gíláàsì kan wà tí a fi ń wo bí omi inú bọ́ílà, àgbá irin tí omi ti ń hó, ṣe kù sí. Bí omi bá fà kúrò lórí irin tí iná ń jó lábẹ́ rẹ̀, bọ́ílà lè bẹ́. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ki òjé sí ihò kan níbẹ̀: bí omi bá tán, òjé á yọ́, oru á tú dà sórí iná. Lóru ọjọ́ kan, a ti kọjá Ifọ̀, mo tòògbé. Kí n tó lajú, omi ti ku bíńtín nínú gíláàsì. Dẹ́rẹ́bà ò sọ nǹkan kan. Ó ṣí omi sí i fúnra rẹ̀, ó gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ mi, ó ń koná títí a fi dé Abẹ́òkúta. Ì bá sàn kó gbá mi létí.

Ìyá Ìbejì: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ tèmi koná nílé iṣẹ́ kan tí mi ò ní dárúkọ. Wọn ò fún un ní ìbọ̀wọ́, àkísà ló ń wé. Irun apá ọ̀tún rẹ̀ ò hù mọ́ títí ó fi kú. Ìgbà tó fẹ̀yìn tì ni wàhálà dé: mo bá dáná igi, á ní mo ti fún iná lọ́rùn, á fa igi sẹ́yìn. Ìjà wa nìyẹn lójoojúmọ́. Ọbẹ̀ máa ń tètè jinná lóòótọ́ ṣá.

Ọmọ Ìjọ́rà: Ẹ̀rín pa mí, Màmá! Bàbá Láfẹ́nwá, ṣé ẹ̀yin náà ń mu omi oníyọ̀?

Àgbà Láfẹ́nwá: À ń mu ún, òógùn ti kó iyọ̀ ara lọ. A sì máa ń fọ ṣọ́bìrì, ká fi yan ẹja. Ogun 1967 ló dá èédú Ẹnúgu dúró. Nígbà tó yá, wọ́n gbé mi sórí ọkọ̀ tó ń lo díísù. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́rẹ́bà, mi ò mọ ibi tí mo lè kó ọwọ́ mi sí.