Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ewédú mi tó jó: ó ti yanjú o

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ rántí pé oṣù kẹrin ni mo wá ké pé mo da ìgbẹ́ adìyẹ tútù sídìí ewédú àti ata lẹ́yìnkùlé wa n'Ìbàdàn, kò pé ọjọ́ márùn-ún gbogbo ẹ̀ ti pọ́n, etí ewé jó bí ẹni pé iná rà á. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìgbẹ́ tútù yẹn ló gbóná jù fún wọn, kí n kọ́kọ́ jẹ́ kó jẹrà, òótọ́ lẹ sọ.

Mo kó àpò ìgbẹ́ méjì tó kù jọ, mo po ewé gbígbẹ tó pọ̀ jù ú lọ mọ́ ọn, èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo wọ́n omi sí i, mo fi ọ̀rá bò ó torí òjò, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni mò ń fi ṣọ́bìrì yí i. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ kiwọ́ bọ àárín ẹ̀, kíá ni mo fà á yọ, ooru ń jáde bíi ti ìkòkò ẹ̀kọ! (Ìyá tá a jọ ń gbélé ò dá mi lóhùn fún ọ̀sẹ̀ méjì torí òórùn.) Nígbà tó máa fi tó oṣù mẹ́ta, ó ti tutù, ó dúdú, òórùn ilẹ̀ tójò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ló ń ta sánsán. Mo tẹ́ ẹ sórí ebè, mo fọkọ́ pò ó díẹ̀.

Ewédú tí mo já lánàá, ewé ẹ̀ fẹ̀ dáadáa, ilẹ̀ tó le bíi bíríkì ti rọ̀, ekòló ti pọ̀ níbẹ̀. Ata ò tíì fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan kan ṣá. Mo ti ọ̀rọ̀ yìí pa nìyẹn, ẹ ṣeun gan-an.