Ohun tí ojú mi rí lọ́jọ́ tí mo dá dẹ́ẹ̀kì padà sábẹ́ katakata

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìrírí mi nípa yíyọ dẹ́ẹ̀kì katakata àti dídá a padà. Òde Rẹ́mọ ni mo wà, oko ọ̀pẹ àti ọsàn bàbá mi, lójú ọ̀nà Ìṣarà, ni mò ń bójú tó. Katakata kékeré kan la ní níbẹ̀, irú èyí tó lè gba àárín ọ̀pẹ kọjá láìfara ha á. Dẹ́ẹ̀kì tó ń gé koríko so rọ̀ sábẹ́ ikùn rẹ̀, láàárín táyà iwájú àti tẹ̀yìn. Bí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, dẹ́ẹ̀kì yìí kì í ráyè sinmi. Ṣùgbọ́n tí a bá fẹ́ fi katakata fa ẹyìn jáde nínú oko, dandan ni ká yọ ọ́, torí kùkùté àti gegele á máa gbá a nísàlẹ̀.

Yíyọ ò le tí èèyàn bá ní sùúrù. Orí kọnkéré la ti ń ṣe é, torí ilẹ̀ pupa wa yìí máa ń rì tó bá ti tutù. Kí n tó pa ẹ́ńjìnnì, mo á ti pa PTO, ìyẹn ohun tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ fún dẹ́ẹ̀kì, mo á ti yí táyà iwájú sápá kan pátápátá kí dẹ́ẹ̀kì lè rọ́nà gba ẹ̀gbẹ́ jáde, mo á sì rọra sọ ọ́ kalẹ̀ sórí pákó. Lẹ́yìn náà ni mo á fa bíréèkì ọwọ́, mo á sì yọ kọ́kọ́rọ́ sínú àpò ṣòkòtò mi. Inú àpò mi ni o, kì í ṣe orí ìjókòó. Àwọn ọmọ máa ń gun katakata yẹn ṣeré, ọwọ́ mi sì máa ń wà nítòsí abẹ.

Ó ku píìnì tó so dẹ́ẹ̀kì mọ́ katakata. Tí píìnì bá le koko, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi òòlù gbá a. Ìwúwo dẹ́ẹ̀kì ló ṣì wà lórí rẹ̀. Ẹ ki pákó mìíràn bọ abẹ́ ẹ̀gbẹ́ yẹn, ẹ ó rí i tí ẹ ó fi ìka méjì yọ ọ́. Lẹ́yìn píìnì, ẹ fa òrùka ẹnu ṣáfùtù, ọ̀pá irin tó ń yí abẹ dẹ́ẹ̀kì, sẹ́yìn, ṣáfùtù á yọ́ jáde lára katakata, ẹ ó sì wọ́ dẹ́ẹ̀kì jáde.

Inú dẹ́ẹ̀kì lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, koríko ti dì mọ́ ọn bí ẹ̀bà àná, ó ń rùn kíkan. A fi pátákó ha á kúrò. Mi ò jẹ́ kí àbúrò mi fi omi tó ń tú jáde tipátipá fọ ibi tí bẹ́rìn àwọn abẹ wà, nítorí omi tó bá wọ ibẹ̀ á ba gíríìsì jẹ́.

Ìgbà tí a fẹ́ dá a padà ni wàhálà dé. Ọjọ́bọ̀ ni, òjò ń ṣú bọ̀, ìnáwó sì wà nínú ọgbà wa ní Sátidé. Mo dùbúlẹ̀, mo ti ṣáfùtù wọlé.

Àbúrò mi ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé ó ti wọlé?"

Mo ní, "Ó ti wọlé."

Mo ṣáná sí katakata, mo tan PTO. Kò pẹ́ tí mo gbọ́ gbàràgbàrà lábẹ́ mi, bí ìgbà tí wọ́n ń fi irin gbá ìkòkò. Mo pa á kíá. Ṣáfùtù ti bọ́ sórí dẹ́ẹ̀kì, eyín ẹnu rẹ̀ ti fá, kúróòsì rẹ̀, oríkèé tó ń jẹ́ kó lè tẹ̀ bó ti ń yí, náà sì ti mì. Mo dúpẹ́ pé àbúrò mi ò sí nítòsí.

Bàbá mẹkáníìkì tí a mú ṣáfùtù lọ bá ní Ṣágámù ò bú mi. Ó mú ọwọ́ mi, ó fi tẹ òrùka yẹn. Ó le gbagidi. Iyanrìn àti gíríìsì àtijọ́ ti dì sínú rẹ̀, kò lè ta padà, àwọn irin róbótó inú rẹ̀ ò sì bọ́ sójú ihò tó yẹ kí wọ́n dì mú. Bàbá fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, ó tún ta epo sí i. Ó ní, "Ọmọ mi, bó o bá ti tì í wọlé, fà á. Fífà ló ń jẹ́rìí."

Bí a ti gbé dẹ́ẹ̀kì kọ́ tán, ó ń gé apá òsì kanlẹ̀, ó ń fi apá ọ̀tún sílẹ̀. Táyà òsì ló rọ̀! Ẹ kọ́kọ́ wo afẹ́fẹ́ táyà kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wọn ẹnu abẹ sílẹ̀: ọ̀tún àti òsì gbọ́dọ̀ dọ́gba, kí iwájú sì fi díẹ̀ rẹlẹ̀ ju ẹ̀yìn lọ, bí ìdá kan nínú mẹ́rin ínṣì kan. Ìwé tó bá katakata yín wá ló máa sọ iye tirẹ̀ gan-an.

Báyìí, àbúrò mi ló ń dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ń fa ṣáfùtù, èmi á bẹ̀rẹ̀ wò ó. Tó bá ti ní, "Ó ti dì í mú, Bọ̀ọ̀dá mi," tó sì ti jáde lábẹ́ rẹ̀, ìgbà yẹn ni mo tó ń ki ọwọ́ bọ àpò mú kọ́kọ́rọ́.