Ẹ má pè é ní "ìwé ìpínmọ"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹnìkan dá a lábàá níbí lánàá pé ká máa pe ìwé tí bàbá àti ìyá ọmọ jọ ń buwọ́ lù lórí bí wọ́n á ṣe máa tọ́ ọmọ nígbà tí wọ́n bá túká láì jẹ́ pé wọ́n ti fẹ́ra ní "ìwé ìpínmọ", àwọn kan sì ti ń kan sáárá sí i. Ẹ jọ̀ọ́, èmi ò fara mọ́ ọn rárá. Ogún là ń pín, ẹran iléyá là ń pín. Ẹni tó bá gbọ́ "ìpínmọ" á rò pé ọmọ mẹ́rin ló wà ńlẹ̀, bàbá mú méjì, ìyá mú méjì, bẹ́ẹ̀ ẹyọ ọmọ kan ṣoṣo lè ni wọ́n bí.

Ìwé títẹ̀ niṣẹ́ mi ní Lágere nínú Ifẹ̀ níbí, mo sì ti tẹ irú ìwé yìí dáadáa kí wọ́n tó gbé e lọ bá lọ́yà tàbí wẹ́fíà, ìyẹn ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọ. Kò sẹ́ni tó wá bá mi tó pè é ní nǹkan míì ju àgírímẹ́ǹtì lọ, àfi àwọn tó máa ń ní "jọ̀ọ́ bá wa kọ ọ́ sílẹ̀ kó má baà dìjà lọ́la". Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń wa kábù láti Mayfair lọ sí kámpọ́ọ̀sì wá pẹ̀lú ìyá ọmọ ẹ̀, ọmọ wà nítan ìyá, ó ń na ọwọ́ sí kíbọ́ọ̀dù mi, mo wá ka ohun tí mo tẹ̀ sí wọn létí: "bàbá yóò máa ṣe àbẹ̀wò sí ọmọ lọ́jọ́ Sátidé". Obìnrin yẹn bú sẹ́rìn-ín, ó ní "Àbẹ̀wò kẹ̀? Ṣé wọ́n dá ọmọ mi dúró sí ọsibítù Seventh Day ni?" Ọkùnrin ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀ o. Ó ní ọmọ òun ni, òun ò lè máa wá kí i bí àlejò. Bí mo ṣe pa "àbẹ̀wò" rẹ́ nìyẹn, mo kọ ọ́ pé ọmọ á máa lọ sọ́dọ̀ bàbá ẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ Fúráìdé títí di ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, àwọn méjèèjì sì gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó ní ká pè é ní "àdéhùn lẹ́yìn ìkọ̀sílẹ̀" náà, ìkọ̀sílẹ̀ wo? Ẹni tí ò fẹ́ra ò lè kọra, òfin Matrimonial Causes ti 1970 tí àwọn lọ́yà máa ń gbé jáde sì rèé, ti àwọn tó ṣègbéyàwó lábẹ́ òfin, bíi ti rẹ́jísírì, ni. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 ló rántí àwọn tí mò ń wí yìí (Ọ̀ṣun ṣe tiẹ̀ ní 2007), ó ní bí bàbá àti ìyá ò bá tíì fẹ́ra nígbà tí wọ́n bímọ, wọ́n lè fàdéhùn gba ojúṣe òbí pọ̀ tàbí kí kóòtù pa á láṣẹ, ohun tó bá sì máa ṣe ọmọ lóore ni kóòtù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò. Ẹ wò ó dáadáa, ojúṣe ni wọ́n ń sọ, wọn ò sọ pé ta ló ni ín. Ṣùgbọ́n ní ṣọ́ọ̀bù mi sha, "ta ló lọmọ" ló máa ń kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀, kí wọ́n tó kan owó oúnjẹ àti síkúù fíìsì, torí ìyá bàbá ọmọ á ti pè lórí fóònù láti ilé pé ọmọ àwọn ò gbọdọ̀ dàgbà síta.

Èmi rò pé "àdéhùn àjọtọ́" ló dáa jù. Gbogbo wa la mọ àgbàtọ́, a mọ alágbàtọ́, a sì ní àjọṣe àti àjọsọ, nítorí náà kò sí Yorùbá tí àjọtọ́ máa ṣàjèjì sí létí. Kò ní kí ẹ jọ máa gbé, kò ní kí ẹ fẹ́ra padà, ọmọ títọ́ nìkan ló ní ẹ jọ ń ṣe. Mo mọ ohun tí àwọn aláríwísí máa sọ: bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́ láìfi àmì sí i, ẹlòmíràn á kà á sí pé ẹ jọ lọ tọ̀ ni. Ó dáa, ẹ fi àmì sí i! Bí ìyẹn bá ṣòro, ẹ pè é ní "àjọtọ́mọ", ó gùn díẹ̀ ṣùgbọ́n kò ní í ṣini lọ́nà. "Ọmọ àjọni" tí ẹnìkan mú wá, mi ò lè gbà á, ilẹ̀ àti mọ́tò là ń jọ ní.

Èyí tí mi ò tíì rí ọ̀rọ̀ fún ni òbí tí ọmọ ò gbé lọ́dọ̀ ẹ̀. "Bàbá ọmọ" ni wọ́n ń pe ọkùnrin, ìyẹn ò burú, àmọ́ tó bá jẹ́ ìyá lọmọ ò gbé lọ́dọ̀ ẹ̀ ńkọ́, pàápàá obìnrin tó lọ ṣiṣẹ́ l'Ékòó tó ń fowó ránṣẹ́ lóṣooṣù? Orúkọ tí àdúgbò ń pe irú obìnrin bẹ́ẹ̀, mi ò lè tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé tí ọmọ ẹ̀ lè kà lọ́jọ́ iwájú. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ó jọ̀ọ́ o, torí àwọn méjì kan ń bọ̀ wá gba tiwọn lọ́jọ́ Ajé, ibẹ̀ ni mo dé.